Freeze dryer kì í ṣe ti oúnjẹ nìkan

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án lóru ní Ilé-Ifẹ̀, páànù kan ṣí lórí yàrá bàbá onílé wa. Kò sẹ́ni tó tètè mọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, ìwé ilẹ̀, rìsíìtì owó orí, ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́wàá àwọn ọmọ, àti Bíbélì tí ìyá wọn fi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti rin gbingbin. Bàbá di gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. “Ẹ̀rọ yín tó ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbẹ yẹn, ṣé kò lè bá wa mú èyí náà gbẹ?”

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo rántí pé ohun tí àwọn ilé ìkówèésí ńlá ń ṣe nìyẹn tí omi bá wọ inú ìwé wọn. Lọ́dún 1978, páìpù omi bẹ́ ní ilé ìkówèésí Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé sì rin. Wọ́n kó wọn sí yìnyín, wọ́n wá mú wọn gbẹ nínú ìyẹ̀wù aláìní-afẹ́fẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ Lockheed, níbi tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ òfurufú wò. Freeze dryer tèmi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan di yìnyín kó tó fa omi inú rẹ̀ jáde, kò ju àpótí kékeré kan lọ, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló rà á fún wa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ òyìnbó àti ẹ̀fọ́ tó ṣẹ́ kù la fi ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní irú ẹ̀ máa ń dúró sí. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí yìí ni àwọn iṣẹ́ mìíràn tó wà nínú rẹ̀, bí a ṣe ń ṣe wọ́n, àti àwọn tí ẹ kò gbọdọ̀ dán wò.

Omi nìkan ló ń yọ

Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ óò lè dáhùn ìdajì àwọn ìbéèrè tí ẹ bá ní fúnra yín. Ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ gbé sínú rẹ̀ di yìnyín, títí tí yóò fi tutù dé nǹkan bí -30°C sí -40°C. Lẹ́yìn náà, pọ́ǹpù á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, débi pé ohun tó kù kò ní í tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún afẹ́fẹ́ ìta. Nínú irú ibẹ̀, omi kò lè jẹ́ omi. Yìnyín á kàn máa fò lọ bí èéfín, á lọ lẹ̀ mọ́ ara ògiri inú ẹ̀rọ tó tutù jù, á tún di yìnyín níbẹ̀. Ẹ ti rí ọmọ ìyá rẹ̀ rí: ẹran tí ẹ gbàgbé sí ìsàlẹ̀ fírísà láìdì í dáadáa, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wá funfun, tó gbẹ gáú. Ẹ̀rọ yìí kàn mú un yá ni.

Nítorí náà, òróró kì í jáde. Ṣúgà kì í jáde. Oyin tí ẹ bá gbé sínú rẹ̀ á kàn hó, á da gbogbo ẹ̀rọ rú. Kòkòrò àìfojúrí náà kì í kú tán: ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń tọ́jú bakitéríà pamọ́ láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó bá ní májèlé kí ó tó wọlé, májèlé rẹ̀ á bá a jáde.

Ọ̀rọ̀ iná

Ẹ wo pátákó kékeré ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó kì í bọ iná. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, 60Hz. Tiwa jẹ́ 230V, 50Hz. Tiransifọ́mà lè bá yín dín fólítì kù, àmọ́ kò lè yí Hz padà, pọ́ǹpù àti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí kì í bá ṣe ti 50Hz á máa gbóná, wọ́n lè tètè kú. Ẹ̀yà 220V tó wà fún òkè òkun ni ẹ̀gbọ́n mi rà, torí ó mọ ilé tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ kan lè gba wákàtí 24 sí 40. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀, èyí tó ń fi pẹtiróòlù lítà mẹ́ta-mẹ́rin gbé tẹlifíṣọ̀n àti fáànù, kò lè gbé e. Tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ má ṣílẹ̀kùn. Òtútù inú rẹ̀ á dúró díẹ̀. Tí ẹ bá wá rí i pé yìnyín ara ògiri ti ń yọ́, ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ sí fírísà, ẹ nu inú ẹ̀rọ gbẹ, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí iná bá dúró. Mo ti ṣe èyí tó ìgbà mẹ́rin, kò sí ohun tó bà jẹ́ ju oorun mi lọ.

Ìwé tí omi wọ̀

Ibí ni mo fẹ́ pẹ́ sí díẹ̀, nítorí kò sí ilé tí kò ní àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

1. Ẹ yára. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ìwé tó rin á ti máa hu funfun-funfun àti dúdú-dúdú. Tí ẹ̀rọ kò bá ráyè, ẹ kó ìwé náà sí fírísà lásán. Tó bá ti di yìnyín, ó lè dúró níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kò ní í bàjẹ́ síwájú sí i. Kódà ẹni tí kò ní ẹ̀rọ yìí rárá, fírísà á bá a ra àkókò.

2. Ẹ má ṣí i. Ìwé tó rin rọ̀ ju àkàrà gbígbóná lọ. Tí ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ẹ di ìwé náà mú ní pípadé, ẹ rì í sínú báàfù omi tó mọ́, ẹ rọra mì í, ẹ gbé e jáde. Ẹ má fi ọwọ́ tàbí búrọ́ọ̀ṣì ra á. Èyí tí wọ́n fi gègé kọ, tàbí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé olómi tẹ̀, ẹ má tún rì í bọmi mọ́, torí íǹkì rẹ̀ á ṣàn lọ. Bírò máa ń dúró dáadáa.

3. Ẹ fi pépà tí àwọn alákéèkì fi ń tẹ́ inú agolo ya wọ́n sọ́tọ̀, ẹyọ kan sí èkejì, tàbí ìdì tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí èkejì. Tí ojú ewé bíi mẹ́wàá bá ti lẹ̀ pọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀. Bí yìnyín bá ṣe ń fò lọ, àwọn fúnra wọn á máa jára wọn sílẹ̀.

4. Ẹ tẹ́ wọn lélẹ̀ pẹrẹsẹ lórí àtẹ, ẹ gbé e sí fírísà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí ó le bí òkúta kí ó tó wọnú ẹ̀rọ.

5. Ẹ dín ooru àtẹ kù. Ooru tí ẹ̀rọ fi ń ṣe oúnjẹ lè kọjá 50°C, ó ti pọ̀ jù fún ìwé. Èmi kì í jẹ́ kó kọjá 25°C. Ó máa ń pẹ́, àmọ́ ìwé ilẹ̀ kì í ṣe ìpékeré.

6. Ẹ fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná wọ̀n ọ́n. Tí ẹ̀rọ bá ní òun ti parí, ẹ wọn ìwé náà, ẹ dá a padà fún wákàtí mẹ́ta, ẹ tún un wọ̀n. Tí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́, ó ti gbẹ.

7. Ẹ má ì tíì fọwọ́ kàn án púpọ̀. Ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ti gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ, títẹ̀ ẹ́ lásán lè ṣẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó wà nínú yàrá fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ó mu díẹ̀ nínú ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, kí ẹ sì fi nǹkan tó tẹ́jú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Èyí tó bá ti hu kí ó tó dé ọwọ́ yín, ohun tó hu lára rẹ̀ kò kú, ó sùn ni. Ẹ fi ìbòmú bo imú, ẹ gbọ̀n ọ́n síta gbangba, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ àwọn ìwé tó mọ́.

Ẹ má fi fọ́tò sí i tí ẹ bá lè yẹra fún un, ojú rẹ̀ máa ń pàdánù dídán. Fọ́tò tó lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ rì í sínú omi tútù tó mọ́ kí ẹ rọra yà wọ́n, ẹ fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ mú wọn rọ̀ sórí okùn nínú ilé. Ẹ má fi ohun tí wọ́n fi awọ ṣe sí i, á kíweje.

Ti bàbá onílé ńkọ́? Ìwé ilẹ̀ jáde, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló ṣeé kà, òǹtẹ̀ pupa nìkan ló tàn káàkiri bí ẹni da zobo sí i. Ìwé mẹ́wàá méjèèjì jáde. Rìsíìtì kan ti di ìyẹ̀fun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Bíbélì náà nípọn ju àyè tó wà láàárín àtẹ méjì lọ. Tíṣù àti fáànù la fi mú un gbẹ, ojú ewé mẹ́wàá-mẹ́wàá, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bàbá ń ka sáàmù bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

Ewé àti egbò

Ìyá mi kì í gba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gbọ́, àmọ́ ewé ewúro tó jáde látinú rẹ̀ tó ṣì tutù yọ̀yọ̀ lójú ló mú wọn dákẹ́. Oòrùn máa ń pa àwọ̀ ewé. Ní àsìkò òjò, ewé tí a bá sá lè hu kí ó tó gbẹ. Ẹ fọ ewé náà, ẹ gbọn omi ara rẹ̀ dànù, ẹ tẹ́ ẹ lórí àtẹ láìkì í mọ́lẹ̀, kí ooru má kọjá 35°C. Ewúro, dóńgóyárò, ewé ìbẹ́pẹ àti gbúre máa ń dára. Ẹ gé àwọn egbò igi ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, torí omi inú ohun tó nípọn kì í rí ọ̀nà jáde.

Efinrin yàtọ̀. Òórùn rẹ̀ wà nínú òróró fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fò, pọ́ǹpù sì máa ń fa díẹ̀ lọ lára rẹ̀. Ó ṣì dùn nínú ọbẹ̀, kò kàn ní ta sánsán bíi ti àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Omi ló pọ̀ jù nínú ewé tútù, nítorí náà tí a bá gbé wọn lé òṣùwọ̀n, ewé gbígbẹ díẹ̀ lè jẹ́ ti ewé tútù tó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Ẹni tó bá ń fi ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀ se àgbo, àgbo á le jù. Ìyá mi ti wá ní ṣíbí kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ro tíì.

Lẹ́yìn gbígbẹ, ìgò tó ní ọmọrí líle ni kí ẹ kó o sí lójú ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ Ifẹ̀ lóṣù kẹsàn-án lè mú ewé tó ń dún wàràwàrà rọ padà kí ẹ tó jẹun ọ̀sán tán. Àpò kékeré tó máa ń wà nínú bàtà tuntun, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí a má jẹ, ẹ má jù ú nù mọ́. Ẹ fi pépà wé e kí ẹ tó jù ú sínú ìgò, kí ó má fara kan ewé.

Aṣọ òkè tí kòkòrò ń jẹ

Èyí kò nílò pọ́ǹpù rárá, òtútù nìkan ni. Sányán àti ẹ̀tù tí wọ́n ti tọ́jú fún ogún ọdún máa ń ní òólá tàbí àwọn kòkòrò mìíràn nínú. Ẹ ká aṣọ náà sínú ọ̀rá tó mọ́, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ dì í pinpin. Nínú fírísà tó bá tutù dé -20°C, ọ̀sẹ̀ kan. Tí ẹ̀rọ yín bá ní ọ̀nà tí a fi lè lo òtútù rẹ̀ nìkan ní -30°C, ọjọ́ mẹ́ta tó. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni pé tí wọ́n bá gbé e jáde, kí wọ́n má ṣí ọ̀rá títí aṣọ náà á fi lọ́wọ́ọ́wọ́ bíi yàrá. Tí ẹ bá ṣí i ní tútù, ìrì á sẹ̀ sí aṣọ lára. Ẹ wá gbọ̀n ọ́n, ẹ sá a sí abẹ́ òjìji. Ẹ̀wà tí kòkòrò ti fẹ́ wọ̀ náà gba irú ìtọ́jú yìí.

Ẹ má jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ lé aṣọ àtijọ́ lórí. Òwú náà nílò ọ̀rinrin díẹ̀ láti lè tẹ̀.

Oúnjẹ ajá, àti ohun tí ìrú ṣe fún mi

Ajá wa kì í jẹ́ ìpè ẹnikẹ́ni àyàfi tí ẹ̀dọ̀ màlúù bá wà lọ́wọ́. Ẹ gé ẹ̀dọ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ó má nípọn ju ìka kékeré lọ, ẹ bọ̀ ọ́ títí kò fi ní í pupa mọ́ nínú, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ gbé e sí fírísà, kí ẹ tó gbé e sẹ́rọ. Ó máa jáde bíi bisikíìtì. Àwọn kan máa ń ṣe é ní tútù láìbọ̀ ọ́. Èmi kì í ṣe é, nítorí ohun tí mo sọ nípa kòkòrò àìfojúrí, àti nítorí pé àwọn ọmọdé ilé wa máa ń bá ajá jẹ nínú rẹ̀. Ẹ má lo ibi tó ní ọ̀rá. Ọ̀rá kì í gbẹ, á kan ni.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ìrú. Mo ra ìrú wooro lọ́jà Odò-Ògbè, mo ní kí n mú un gbẹ kí n fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ̀san ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé ìrú ní òróró nínú, mo ṣáà ní kí n wò ó. Ìrú náà gbẹ díẹ̀, àmọ́ ó lẹ̀ mọ́wọ́. Òórùn rẹ̀ sì bá afẹ́fẹ́ lọ sínú ọ́ìlì pọ́ǹpù. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo ohun tí mo ṣe fi ń rùn bí ọbẹ̀ ilá, títí kan ìbẹ́pẹ tí mo ṣe fún ọjọ́ ìbí ọmọ kan. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ dán an wò, kó fi ìrú ṣe iṣẹ́ ìkẹyìn kí ó tó pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, kí ó sì fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan nu inú ẹ̀rọ.

Ìpìlẹ̀ yógọ́ọ̀tì

Níbí, àìkú kòkòrò náà ló wá di èrè. Ẹ ra yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kòkòrò rẹ̀ wà láàyè. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ kí ó má ga ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ẹ jẹ́ kó di yìnyín, kí ooru àtẹ má kọjá 30°C. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ dì í, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí fírísà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe tuntun, ẹ se mílíìkì lítà kan, ẹ jẹ́ kó tutù sí nǹkan bí 43°C, ìyẹn ni kí ìka yín lè dúró nínú rẹ̀ láìjó yín, ẹ da ṣíbí ńlá méjì sí i, ẹ bò ó, ẹ wé e ní aṣọ. Díẹ̀ nínú wọn á ti kú lọ́nà, nítorí náà ó lè gba wákàtí 10 tàbí 12 dípò 6. Ìgbà kejì tí ẹ bá fi lára rẹ̀ ṣe òmíràn, á yára.

Àwọn tó kù

Òdòdó ìyàwó: ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, iná tó máa jẹ ju owó òdòdó lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn ìyàwó wa ń lo èyí tí kì í kú láti ilé ìtajà. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ gidi, kó mú ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta tí kò tíì ṣí tán, kó sì tọ́jú wọn sínú gíláàsì tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀.

Súìtì ọmọdé máa ń wú nínú rẹ̀ bíi gúgúrú. Kò fi bẹ́ẹ̀ ní omi nínú. Afẹ́fẹ́ àti omi díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló ń fẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ìta bá dín. Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ó rọ̀, ẹ má jẹ́ kó di yìnyín. Mo mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ mi.

Fóònù tó jábọ́ sómi: rárá. Bátìrì inú rẹ̀ lè wú níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ yín àti fóònù á sì jọ lọ.

Ère igi tútù náà, rárá, á là. Àwọn mùsíọ́mù máa ń ṣe é fún igi tó pẹ́ lábẹ́ omi, àmọ́ wọ́n á ti kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú èròjà kan tó ń rọ́pò omi fún oṣù púpọ̀.

Ọ́ìlì àti omi ìkẹyìn

Ẹ máa wo gíláàsì kékeré ara pọ́ǹpù. Ọ́ìlì tó dára máa ń mọ́ kedere. Tó bá ti ń dà bí omi ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ tú u sínú ìgò, ẹ jẹ́ kó dúró títí omi á fi lọ sísàlẹ̀, ẹ sẹ́ èyí tó wà lókè, ẹ lè tún un lò lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn iṣẹ́ ìwé àti ti ewé, èmi kì í dúró wò ó, mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Yìnyín tó lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀rọ, ẹ má dà á nù. Tí ẹ bá pa ẹ̀rọ, á yọ́ gba ọ̀pá ìsàlẹ̀ sínú ike, ó lè tó lítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn iṣẹ́ ńlá kan. Kò sí iyọ̀ tàbí ẹfun kankan nínú rẹ̀, nítorí ó fi ìyẹn sílẹ̀ sára oúnjẹ. Ẹ má mu ún, ẹ má sì dà á sí bátìrì mọ́tò, torí ó lè gbé òórùn àti ásíìdì díẹ̀ wá. Inú áyọ́ọ̀nù olómi ni mo ń lò ó fún. Láti ìgbà náà, ihò rẹ̀ kò dí mọ́ bó ṣe ń dí nígbà tí mo ń pọn omi kànga sí i.